Àtàǹpàkò Alágbàfọ̀

Ẹ má dá mi lóhùn bí ẹ ò bá fẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ìyá tí wọ́n á lé kúrò nídìí ọmọ ọmọ rẹ̀ tí inú ò ní bí. Inú bí mi. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé bàtà mi sókè, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sọ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin gbé àkọ́bí rẹ̀ dé láti ọsibítù ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé lókè, èmi àti bàbá rẹ̀ ń gbé nísàlẹ̀, níbi tí ilé ìfọṣọ wa wà. Iṣẹ́ alágbàfọ̀ ni tiwa. Èmi ni mo máa ń fọ aṣọ, ọkọ mi ló máa ń lọ̀ ọ́. Àwọn oníbàárà ń pè mí ní Fọ̀ọ́mọ́, nítorí pé mi ò tíì rí àbàwọ́n tí mo gbà fún. Bàbá Alọṣọ ni wọ́n ń pe ọkọ mi, orúkọ yẹn sì dùn mọ́ ọn nínú ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Mo ti gbé bàsíà omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sílẹ̀, mo ti tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ti ká apá aṣọ mi sókè dé ìgbọ̀nwọ́. Mo na ọwọ́ sí ọmọ náà.

Mo ní, "Ọkọ mi, máa bọ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó ẹ."

Kí ọwọ́ mi tó kàn án ni ọmọ mi dì í mú.

"Màmá, kí ló ṣe àtàǹpàkò yín?"

"Kí ló fẹ́ ṣe é? Ìka ẹni tó ń fọṣọ ni."

Ó fa ọwọ́ mi síbi fèrèsé. Kí n má parọ́, ìka náà ò ṣeé wò. Awọ etí èékánná ti wú, ó pọ́n, ó ń dán. Ó ti ṣí kúrò lára èékánná, àlàfo tín-ín-rín wà láàárín wọn, èékánná fúnra rẹ̀ sì ti rí gbágungbàgun. Ó ti pẹ́ tó ti wà bẹ́ẹ̀, mo kàn ń mójú kúrò níbẹ̀ ni. Ọmọ mi fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọyún bíńtín yọ jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná. Ara mi bù máṣọ, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi.

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ má fi ọwọ́ yìí kan ọmọ mi."

"Ọmọ ta ni?"

"Ìwọ́ ẹ̀ ò tíì já. Ojú egbò ni ibẹ̀ yẹn. Ọyún ò gbọdọ̀ débẹ̀."

"Ìwọ tó ò ń sọ̀rọ̀ yìí, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí mo bí ẹ! Ọwọ́ yìí náà ni!"

"Ọwọ́ yẹn ò ní ọyún nígbà yẹn."

Ẹ gbọ́ ẹnu! Ẹnu tí mo fi ọmú sí. Mo wo ọkọ rẹ̀ bóyá á bá mi sọ̀rọ̀ sí i, ṣùgbọ́n àjà ilé ni ọmọkùnrin yẹn ń wò, bíi pé òun ló kàn án. Mo bá jáde, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Mo ń gbọ́ ohùn ọmọ náà. Ó ń ké nítorí pé wọn ò mọ̀ ọ́n dì mú nínú omi. Mo mọ igbe yẹn. Mo kígbe láti ibi tí mo wà, "Fi apá gbé orí ẹ̀! Má gbé e bí ẹyin!" Ọmọ mi dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, Màmá," ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn yẹn dùn mí ju ìka lọ. Lórí àtẹ̀gùn yẹn ni mo ti pinnu pé ìka yìí á san, á san dáadáa, àti pé ọwọ́ mi yìí náà ni màá fi wẹ ọmọ yẹn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni dámọ̀ràn.

Ṣé ẹ mọ báwọn alágbàfọ̀ ṣe ń ronú? Ohun tó bá dọ̀tí, à á rẹ ẹ́, à á ha á, à á fi bílíìṣì sí i, à á ṣàn án. Bí ó bá kọ̀, à á tún un ṣe. Bí mo ṣe jókòó ti ìka mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn nìyẹn. Mo da bílíìṣì tí a fi ń fọ aṣọ funfun sínú abọ́, mo bu omi lé e díẹ̀, mo ti àtàǹpàkò mi bọ̀ ọ́. Yéè! Ó ta mí wọ eegun. Inú mi dùn, mo ní iṣẹ́ ló ń ṣe yẹn. Mo mú búrọ́ọ̀ṣì tí a fi ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, mo fi ha etí èékánná náà. Awọ wélewèle tó yọ níbẹ̀, mo fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò bí ìgbà tí mo bá ń gé òwú tó yọ létí aṣọ, kó lè gún régé. Mo fi àkísà funfun tútù wé e. Ní òwúrọ̀, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà lé gbogbo rẹ̀, ó di ìdí omi ìfọṣọ.

Mò ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́. Ọkọ mi ń wò mí láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"Fọ̀ọ́mọ́, ìka nìyẹn o. Kì í ṣe ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì."

"Ẹ kọjú sí áyọ́ọ̀nù yín."

"Mo kàn ní kí n sọ ni."

"Ẹ ti sọ ọ́, mo sì ti gbọ́."

Ìka ò gbọ́ ní tiẹ̀. Ó wú sí i, ó pọ́n dé oríkèé, ó ń lù kìkìkì títí tí oorun ò fi kùn mí mọ́. Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ fún búláńkẹ́ẹ̀tì kan kí n tó sá a, ọwọ́ mi ò gbà á mú. Búláńkẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú ẹrẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Èmi náà jókòó tì í nínú ẹrẹ̀, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí búláńkẹ́ẹ̀tì. Láti òkè, mò ń gbọ́ tí wọ́n ń bu omi sínú bàsíà ọmọ.

Ọkọ mi jáde wá. Ó wò mí, ó wo búláńkẹ́ẹ̀tì, ó padà wọlé. Mo rò pé ó fẹ́ lọ mú nǹkan wá ni. Nígbà tí mo wọlé, mo bá a tó ti yọ áyọ́ọ̀nù nínú iná, ó ká apá sáyà, ó jókòó.

"Mi ò lọ aṣọ kankan mọ́ títí wàá fi lọ rí nọ́ọ̀sì."

"Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń lọ àkísà ìnulẹ̀?"

"Èmi náà ni."

Òkìtì aṣọ wà níwájú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti rún, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára ṣòkòtò tó wà lókè. Ìyà ń jẹ ọkùnrin yẹn. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bá wọ bàtà.

Nọ́ọ̀sì tó dá mi lóhùn ní ilé ìwòsàn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tí ohùn rẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Ó gbé ọwọ́ mi sórí aṣọ funfun kan, aṣọ tí wọn ò ṣàn dáadáa, mo kàn pa á mọ́ra ni.

"Màmá, kí lẹ ti fi sí i?"

"Bílíìṣì."

"Bílíìṣì wo?"

"Èyí tí a fi ń fọ aṣọ funfun. Mo bu omi lé e, orí mi ò dàrú."

"Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́?"

"Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á."

"Háà. Lẹ́yìn ìyẹn?"

"Mo gé awọ tó yọ wélewèle létí ẹ̀. Mo wé e, mo wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo padà sẹ́nu iṣẹ́."

Ó mi orí. "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ti bá kòkòrò ṣe èyí tó le jù nínú iṣẹ́ ẹ̀."

Mo dìde. Ó ní kí n jókòó. Mo sì jókòó, nítorí pé ìka náà ń lù mí dé èjìká.

Ó gún mi lábẹ́rẹ́ tó pa ìrora ibẹ̀, ó mú ọ̀bẹ tín-ín-rín kan, ó rọra gbé awọ etí èékánná sókè. Ọyún tó jáde níbẹ̀, mi ò fẹ́ sọ bó ti pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n ara tù mí lójú ẹsẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bọ́ bàtà tó há. Ó ní irú èyí tó ti wú tó báyìí, èmi ò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ gún un fúnra mi nílé láé, mi ò sì gbọdọ̀ fún un. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò bóyá ìtọ̀ ṣúgà wà lára mi, torí ó ní ó máa ń jẹ́ kí irú nǹkan báyìí le. Kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló fa àga, ó jókòó níwájú mi. "Màmá, tí ẹ bá ká aṣọ tútù, tí ẹ kó o sínú ọ̀rá, tí ẹ so ẹnu ọ̀rá, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Á bu ni. Á ní àmì dúdú wínníwínní, á máa rùn. Ta ni ò mọ̀ yẹn?"

"Ohun tí ẹ ṣe fún ìka yín nìyẹn."

Mo gbé ìka náà sún mọ́ imú, mo gbóòórùn rẹ̀.

Ó gbé ìka tirẹ̀ sókè, ó fi awọ tín-ín-rín tó wà ní ìdí èékánná hàn mí, bó ṣe lẹ̀ mọ́ èékánná pinpin. Ó ní ilẹ̀kùn nìyẹn. Ó ní omi àti ọṣẹ ti ń jẹ tèmi láti ọjọ́ pípẹ́, títí tó fi ṣí. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọbẹ̀, kòkòrò tó fẹ́ràn ibi tó tutù tẹ̀ lé e wọlé. Èmi wá gé ìwọ̀nba awọ tó kù, mo fi bílíìṣì jó ara tó yẹ kó hù, mo sì fi rọ́bà bo omi mọ́ ọn lára látàárọ̀ dalẹ́. Ìwúsókè òjijì yìí, ó ní kòkòrò mìíràn ló tún gba ojú ọgbẹ́ tí mo fi sísọ́ọ̀sì dá sí i wọlé.

Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n lò ó tán, kódà bí ara bá ti tù mí. Kí n máa fi ìka náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ tó ní iyọ̀ díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ọyún tó kù lè jáde, kí n sì nù ún gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn, ìpara ló kàn, àti gbígbẹ, gbígbẹ, gbígbẹ. Bí pípọ́n rẹ̀ bá ń gun ọwọ́ bọ̀, tàbí ibà bá mú mi, kí n wá lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ó ní ó lè wọ eegun, pé nígbà mìíràn wọ́n máa ń gé ìka náà. Ó sọ ọ́ láì gbé ohùn sókè, ẹ̀rù sì bà mí.

"Ọwọ́ yìí ò gbọdọ̀ wọ omi ìfọṣọ mọ́ títí awọ yẹn á fi hù padà."

"Ọ̀sẹ̀ kan?"

"Oṣù ni kí ẹ fọkàn sí, Màmá."

"Nọ́ọ̀sì, aṣọ ni mò ń fọ̀! Omi ni iṣẹ́ mi!"

"Mo gbọ́. Ìka ńkọ́, ẹ ò fẹ́ ẹ?"

Mo wolẹ̀. "Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọmọ yẹn ni mo fẹ́ wẹ̀."

Ohùn obìnrin náà rọ̀. "Ẹ jẹ́ kí àlàfo yẹn dí ná. Bó bá ti dí, kò sẹ́ni tó máa dá yín dúró."

Mo délé, mo sọ fún ọkọ mi pé a ó pààrọ̀. Òun á bọ́ sídìí omi, èmi á bọ́ sídìí áyọ́ọ̀nù. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, tirẹ̀ náà tán.

Ẹ ò rí ọkùnrin yẹn nídìí omi! Ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì bí ẹni ń wẹ ológbò. Omi ta dé orí, dé ilẹ̀, dé ara ògiri. Mo ra ìbọ̀wọ́ òwú fún un, mo ní kó wọ ọ́ sábẹ́ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí òwú lè máa fa òógùn, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Nọ́ọ̀sì ló kọ́ mi. Bó bá ti yọ ọwọ́ nínú omi báyìí, màá ti ké, "Ẹ nu ọwọ́ yín! Àárín ìka ńkọ́?" Ó ní òun ò mọ̀ pé sọ́jà lòun fẹ́. Èmi náà ò ṣe dáadáa nídìí tèmi. Mo jó ọrùn aṣọ kan tó jẹ́ ti tíṣà, ọkọ mi sì wò ó bí ìgbà tí mo ṣe ọmọ rẹ̀ léṣe. Sítáàṣì tí mo máa ń fi àtàǹpàkò tọ́ wò bóyá ó ti ki tó, ṣíbí ni mo wá ń lò. Mi ò gbádùn rẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n mo lò ó.

Ní àràárọ̀, mo máa ń gòkè lọ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà, ọwọ́ méjèèjì lórí itan, aṣọ gbígbẹ lára àtàǹpàkò. Ọmọ mi á máa wẹ ọmọ rẹ̀. Mi ò sọ̀rọ̀, òun náà ò sọ̀rọ̀. Ìwọ́ ọmọ já, èmi kọ́ ni mo rí i. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn omi, ó ń fi ẹsẹ̀ gbá a, èmi kọ́ ni omi yẹn ń ta sí lára. Mo jowú ọmọ tí mo bí. Ó dùn mí bẹ́ẹ̀, kò sì sí bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ ọ́ fún un.

Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀gá alásè kan gbé kóòtù iṣẹ́ rẹ̀ funfun wá, epo ti dà sí i láyà. Ọkọ mi fọ̀ ọ́, kò mọ́. Ó tún un fọ̀, ó kàn mú kí epo náà tàn ká ni.

Ọ̀gá alásè ní, "Fọ̀ọ́mọ́, ẹ ṣáà bá mi ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Ọwọ́ ń yún mi, ẹ gbà mí gbọ́. Mo mọ ohun tí màá ṣe sí epo yẹn gan-an, ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀ àti bí màá ṣe yí aṣọ náà. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ọwọ́ mi ò wọ omi."

"Alágbàfọ̀ tí ọwọ́ ẹ̀ ò wọ omi! Ẹ kúkú bọ́ orúkọ yẹn sílẹ̀."

Ó ká kóòtù rẹ̀ ní tútù, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn mìíràn. Ọkọ mi ní bóyá ká ti fi ìbọ̀wọ́ gbìyànjú ẹ̀. Mo fàáké kọ́rí. Mo mọ ara mi. Bí mo bá fọ ẹyọ kan, kò ní jẹ́ ẹyọ kan mọ́, màá ti fọ gbogbo òkìtì tán kó tó dọ̀sán. Mo mú áyọ́ọ̀nù, mo sì lọ ṣòkòtò tó wà níwájú mi. Ó dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ díẹ̀.

Ìwúsókè rọlẹ̀. Pípọ́n náà lọ. Èékánná tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láti ìdí, ó ń dán, ó ń ti gbágungbàgun àtijọ́ síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá rí ọwọ́ mi á ní kò sí nǹkan tó ṣe é rí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni mo gòkè lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, tí ọmọ mi dìde níwájú bàsíà. Ó gba ọwọ́ mi, ó tú aṣọ tó wà lára àtàǹpàkò mi, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan ò jáde.

Ó ní, "Màmá, ẹ wá wẹ̀ ẹ́."

Ọmọ náà wà ní ìhòòhò lórí táwẹ́ẹ̀lì, ó ń wò mí. Ohun tí mo ń dúró dè láti orí àtẹ̀gùn ọjọ́ yẹn nìyẹn, òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, mi ò tọrọ ẹ̀. Mo ká apá aṣọ mi sókè dé ìgbọ̀nwọ́. Mo tẹ̀ síwájú.

Mo tún wo ìka náà. Mo wò ó bí alágbàfọ̀ ṣe ń wo aṣọ tí wọ́n ní ó ti mọ́. Ní igun kan, lápá òsì, awọ yẹn ò tíì lẹ̀ mọ́ èékánná tán. Kò tó fífẹ̀ irun orí. Ọmọ mi ò rí i. Ọkọ mi ò lè rí i. Nọ́ọ̀sì nìkan ló lè rí i, àti èmi.

Mo ní, "Rárá. Kò tíì dí."

"Màmá, ó ti san. Mo yẹ̀ ẹ́ wò."

"Igun kan ṣì ṣí. Omi á wọ̀ ọ́."

"Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà nígbà náà."

"Èmi? Kí n fi rọ́bà wẹ ọkọ mi? Ọjọ́ tí mo bá máa wẹ̀ ẹ́, ara ọwọ́ mi ló máa kàn án. Máa wẹ̀ ẹ́ lọ."

Ó dúró, ó ń wò mí, omijé sì kún ojú rẹ̀. Ó ní, "Mo rò pé ẹ ṣì ń bínú sí mi ni. Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń jókòó síbẹ̀ láìsọ̀rọ̀, mo rò pé ẹ kórìíra mi."

"Mo bínú. Ta ló ní mi ò bínú? Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé o lé mi lọ́jọ́ yẹn, mi ò bá ti fi ọyún sí ọmọ yìí nídodo. Mo ń rò ó lójoojúmọ́ lórí àga yẹn. O ṣeun."

Mi ò tíì sọ ọ́ fún un rí nínú ayé mi pé ó ṣeun lórí ohun tó fi já mi kulẹ̀. Ó bú sẹ́kún gbẹ̀ẹ́. Mo ní kó yé sunkún sínú omi ọmọ, iyọ̀ ò sí lára ohun tí a fi ń wẹ̀ ẹ́. Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó gbé ọmọ bọ inú omi. Apá rẹ̀ wà lábẹ́ orí ọmọ, ọwọ́ rẹ̀ gbá a mú lábẹ́ abíyá, kò mì. Ó ti mọ̀ ọ́n ṣe, ó mọ̀ ọ́n ṣe bíi tèmi. Mo tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì gbígbẹ sórí apá mi méjèèjì, mo dúró. Nígbà tó gbé e jáde tó ń kán tótótó, èmi ni ó gbé e fún.